Bí Òkété Bá Dàgbà: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà Wa ní Abobo

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la gbọ́ òwe náà. Ohun tí òwe kò sọ ni ibi tí ìyá àti ọmọ yóò ti pàdé: ṣé Èjìgbò ni, àbí Abobo? Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ sọ nínú ìwé ọdún wa, nítorí kò sí ilé tí kò kàn nínú ẹgbẹ́.

Nígbà tí àgbà ń padà sílé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ènìyàn wa ti ń wọ Côte d'Ivoire. Àwọn ará Èjìgbò ló pọ̀ jù. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti ìlú mìíràn náà wá. Ní 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Abidjan, ó sì dé Bouaké ní 1912. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ni oníṣòwò wa ń pàtẹ sí. Títí di òní, orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin ló wà lára Abobo-Gare. Abidjan di olú ìlú ní 1934. Treichville àti Adjamé ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ fìdí sí. Àwọn onílẹ̀ ń pè wá ní Anago.

Láyé ìgbà náà, ogbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ Abidjan. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ti ń dínkù a di ẹrù rẹ̀, a sì padà sí ilé tó ti kọ́. Ọmọ tó wà lájò a máa fowó ránṣẹ́. Àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ a máa pọn omi, wọn a máa se oúnjẹ, wọn a sì máa gbé arúgbó jáde sí oòrùn òwúrọ̀. Owó ti Abidjan wá, ọwọ́ wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ṣe rọrùn.

Bí nǹkan ṣe yí padà

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá padà sílé. Àwọn mìíràn kọjá sí Côte d'Ivoire. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Abobo ń gbòòrò, nítorí pé ilé ibẹ̀ kò wọ́n. Ó di ìjọba ìbílẹ̀ ní 1980. Nígbà ìkànìyàn 2021, iye ènìyàn ibẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ. Ibẹ̀ la bí àwọn ọmọ wa sí, ilé ìwé Faransé ni wọ́n sì lọ.

Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára owó CFA sí ìdajì, òògùn tó ń tòkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002. Lákòókò yìí, màmá tó bá padà sílé lè bá ilé ńlá tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ìbá tọ́jú rẹ̀ wà ní Abidjan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó sí Abobo.

Rògbòdìyàn 2011 fi ewu rẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje tó ń wọ́de ní Abobo. Òògùn ti wọ́n lọ́jà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi kò fi bẹ́ẹ̀ wọ èbúté mọ́. Ẹni tó ń lo òògùn lójoojúmọ́ kò lè dúró de àlàáfíà.

Àìsàn tí kì í pariwo

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ ló ń dààmú àwọn àgbà wa jù báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò mọ̀ pé àwọn ní i. Bí òṣùwọ̀n bá ń fi 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù. Ẹ má ṣe dá òògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ má sì ra òògùn orí àtẹ, ìbáà jẹ́ ní Roxy ní Adjamé: a kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹni tó ń tọ́jú ńkọ́?

Iṣẹ́ tí obìnrin márùn-ún ń pín ṣe nínú agboolé ti di ti ẹnìkan ṣoṣo nínú yàrá méjì ní cour commune. Ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ọmọ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbé màmá, ó ti wẹ̀ fún un, ó ti fún un lóògùn. Lẹ́yìn náà ló ń sáré wọ gbaka lọ sọ́jà. Ọjà rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì sẹ́ni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, owó ìsìnkú a máa yá ju owó òògùn lọ. Ó yẹ kí ó yí padà. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ jókòó ti arúgbó fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí olùtọ́jú lè sùn: ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

Ìjọba ṣe òfin CMU ní 2014, fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí; 1,000 fúráǹkì ni fún ẹnìkan lóṣù. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2019 ni ìtọ́jú abẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, òun náà sì ni ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà tí a máa ń péjọ láti ṣe. Ìmọ̀ràn wa ni pé, lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo àgbà, kí a sì wọn ti àwọn tó ń tọ́jú wọn.