Ìbọn Kalashnikov àti Etí Omi Wa

Ìró ìbọn láàrin òkè ni àwọn baba wa fi sọ ogun Èkìtì-Parapọ̀ àti Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ní Kírìjì. Ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbọn tuntun tí a ń ki láti ẹ̀yìn ni Èkìtì-Parapọ̀ fi gbèjà ara wọn. Láti Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí ó tó gba ọ̀nà Oǹdó wọ inú ilẹ̀. Nítorí náà, ìtàn ìbọn òkèèrè kì í ṣe ìtàn àjèjì ní etí omi yìí. Èyí tí a ó yẹ̀ wò lónìí ni AK-47 ti ilẹ̀ Soviet.

Ọmọ àgbẹ̀ láti ìhà Altai ni Mikhail Kalashnikov, tí a bí ní 1919. Inú táǹkì ni ó ti ń jagun tí ó fi fara gbọgbẹ́ nítòsí Bryansk ní 1941. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ìbọn. Àwọn aláṣẹ kọ àkọ́kọ́ tí ó ṣe. Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n Jámánì ni ó jí. Lójú tèmi, àwọn Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jagun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣètò inú ìbọn méjèèjì yàtọ̀. Kalashnikov nìkan kọ́ ni ó sì ṣe é: Aleksandr Zaitsev wà lára àwọn tí ó bá a tún un ṣe ní 1947. Ní 1949, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Soviet gbà á.

Ìṣòro kò tán síbẹ̀. Páànù tí wọ́n ń tẹ̀ ṣe ara rẹ̀ ní Izhevsk ń bàjẹ́ púpọ̀, wọ́n sì ní láti padà sí gbígbẹ́ ẹ láti inú irin gbọingbọin. Ọdún 1959 ni AKM, tí páànù rẹ̀ wá yanjú, tó jáde: ó fúyẹ́, ó sì yá ní ṣíṣe.

Ẹni tí ó bá ń gbé Abereke mọ bí iyọ̀ òkun ṣe ń jẹ irin. Kúrómù ni wọ́n fi bo inú ọ̀pá ìbọn yìí kí ó má bàa dípẹtà. Àwọn irin inú rẹ̀ kò fún mọ́ ara wọn, nítorí náà ẹrẹ̀ àti iyanrìn kì í tètè dá a dúró. Kì í ṣe òun ni ó ń ta ibi jíjìnnà gún jù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kàwé lè tú u palẹ̀, kí ó sì tò ó padà. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó jọ ní wàràwàrà ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́.

Ní 2006, DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa ní Kàdúná, gbé OBJ-006 jáde ní àwòṣe rẹ̀. Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, Ààrẹ Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn ajìjàgbara Niger Delta, agbègbè tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára rẹ̀. Ìbọn yìí kan náà wà nínú èyí tí wọ́n kó sílẹ̀.

Kí Kalashnikov tó kú ní 2013, ó kọ̀wé sí olórí ìjọ Orthodox ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó bèèrè bóyá ẹ̀bi àwọn tí ìbọn òun pa wà lọ́rùn òun. Agbẹnusọ ìjọ náà sọ pé bí ohun ìjà bá jẹ́ fún ààbò ilẹ̀ baba ẹni, ìjọ wà lẹ́yìn ẹni tí ó ṣe é.