Ìtọ́jú Àkójọ Àkókò Àgbáyé: Ọ̀ràn Àrólé Nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀ṣe

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń ṣe láìgbowó, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò, ṣe ń pẹ́ láyé. A sábà máa ń gbọ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ nìkan ló ń gbé e ró. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí, àkójọ tí wọ́n ń pè ní tz ni mo sì fi ṣe ẹ̀rí.

Arthur David Olson, òṣìṣẹ́ àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà láàárín àwọn ọdún 1980. Paul Eggert dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ agogo mélòó ni ó lù ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ti rí láyé àtijọ́. Ìlà ti Èkó fi hàn pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni aago Èkó fi ṣáájú ti Greenwich láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, kí ó tó di wákàtí kan gbáko ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919. (Ìlà yìí kan náà ni wọ́n so Àjàṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìjọba Faransé ni Àjàṣẹ́ wà nígbà náà. Èyí kò lè tẹ́ òpìtàn lọ́rùn.)

Iṣẹ́ náà kì í parí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba Mòrókò kéde pé àwọn kò ní dá aago padà mọ́, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí wọ́n dá a padà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ náà le jù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ Astrolabe, tí ń ta ohun èlò fún àwọn awòràwọ̀, pe Olson àti Eggert lẹ́jọ́ ní Massachusetts, pé wọ́n lo ọ̀rọ̀ inú ìwé òun láìgbàṣẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ti ibi tí àkójọ náà wà pa. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi pe ẹjọ́ náà, kì í ṣe orúkọ àjọ: ẹni méjì péré ni ìyà ohun tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ fẹ́ já lé lórí.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ICANN gba àkójọ náà sọ́dọ̀. Kí ló mú kí ó yá tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àánú. Ṣáájú ẹjọ́ ni Olson ti ń gbèrò àtifẹ̀yìntì, tí wọ́n sì ti ń kọ ìlànà bí a ó ṣe fi alábòójútó mìíràn jẹ. Ìlànà náà jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 6557 ní oṣù kejì ọdún 2012. Oṣù yẹn kan náà ni Astrolabe fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí ó sì tọrọ àforíjì, lẹ́yìn tí Electronic Frontier Foundation ti dá sí i.

A lè jiyàn pé Eggert kan náà ló di alábòójútó, pé kò sí àrólé tuntun kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí àyè rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ó ti wà nínú ìwé pé ìgbìmọ̀ IESG ni yóò yan ẹlòmíràn.