Olùkọ́ Tó Ń Kọ Ìwé Ẹ̀rù: Iṣẹ́ D. O. Fágúnwà

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dárúkọ abàmì ẹ̀dá mẹ́ta nínú ìwé Fágúnwà, kò ní ronú kó tó dáhùn: Àgbákò, Èṣù-kékeré-òde, Ànjọ̀nú-ìbẹ̀rù. Ẹ wá bi onítọ̀hún pé iṣẹ́ wo ni Fágúnwà ń ṣe jẹun. Ibẹ̀ ni kálukú ti máa ń wo ojú ara wọn.

Olùkọ́ ni. Bí a kò bá sì fi èyí sọ́kàn, a kò ní mọ ìdí tí àwọn ìwé náà fi rí bí wọ́n ṣe rí.

Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, ni wọ́n ti bí i ní 1903. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ wò ó: Orò nínú orúkọ ọmọ, Ifá nínú orúkọ ìdílé, síbẹ̀ àwọn òbí ti gba ìgbàgbọ́. Daniel wọlé, Ọlọ́runfẹ́mi náà tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà kò tíì mú gègé tí ìjà àti ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó ka ìwé ní St. Luke's ní Òkè-Igbó, ó lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ní 1926, ó jáde ní 1929, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀ títí di 1939.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà nígbà tí ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Ohun tó kọ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí CMS tẹ̀ ní 1938. (Ẹ̀yin tó ń fi Sẹ̀gilọlá ti 1929 jà, ẹ sinmi, a kò sọ pé òun ni àkọ́kọ́.)

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ti Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún tó dé fìlà irin. Ẹ̀rù tirẹ̀ kò bà wá tó ti ìyá Àkàrà-ògùn. Baba yìnbọn fún àgbọ̀nrín lóko. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ni ìbọn náà bà. Ọdẹ kò tíì dé igbó irúnmalẹ̀ rárá, ẹ̀rù ti wà ní ìyẹ̀wù. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, kò sí iwin tí kò ní gbà gbọ́ mọ́.

Àwọn kan nínú wa máa ń ráhùn pé ìwàásù ti pọ̀ jù. Ìtàn á dùn dé góńgó, Fágúnwà á dá a dúró, á máa gba ọmọ níyànjú pé kó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ó ń sú ni nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọ ló tẹ ìwé yìí, ọmọ iléèwé ìjọ ló sì máa kà á. Ta ló fẹ́ jẹ́ kí Àgbákò wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Lójú tiwa, ìwàásù yẹn ni owó ibodè. Fágúnwà san án, ó sì kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn 1938, ọdún mọ́kànlá ni kò fi sí ìwé ìtàn-àròsọ mìíràn. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Benin. Ó lọ sí Ìlú Ọba ní 1946. Ní 1949, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde, pẹ̀lú apá kìíní Ìrìnàjò, níbi tó ti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje dé ní 1954. Ní 1955 ó bọ́ sí ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì kọ Àdììtú Olódùmarè, tó jáde ní 1961. Ọmọ iléèwé kò kúrò níwájú rẹ̀ rí: òun àti L. J. Lewis ló kọ ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ó kú ní oṣù Kejìlá 1963, lẹ́nu ìrìnàjò. Inú odò ló bá lọ ní agbègbè Bida. Títí dòní ẹ ó gbọ́ pé àwọn iwin tó ń tú àṣírí wọn ló mú un lọ. Ìtàn náà dùn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ìwé ìtàn-àròsọ márùn-ún láàárín ọdún 23, pẹ̀lú iṣẹ́ oṣù lọ́rùn: iwin kọ́ ló jókòó kọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ẹ̀rù sì kúrò nínú igbó. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń lé ọ̀daràn kiri. Kò sí ẹbọra níbẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wọn.

Igbó ṣì wà lọ́dọ̀ tiwa. Ní Ọ̀sẹ̀, ní ìhà Ìfọ́n, igbó ọba wà tí a gbọ́ pé erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀. Fágúnwà ì bá fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú 5 oṣù Kẹfà 2022, tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ti yàtọ̀ lẹ́nu wa. Ẹ ní kí ọmọ Ọ̀wọ̀ gba ọ̀nà igbó kọjá ní ìrọ̀lẹ́, kò ní bi yín nípa olójú mẹ́rìndínlógún. Yóò bi yín pé ta ló gba ibẹ̀ kẹ́yìn, àti pé ṣé ó délé.