Igbó Àgbà Orí Òkè Mambilla

Ọ̀pọ̀ wa ló ti pẹ́ ní Jalingo débi pé àwọn ọmọ wa ń sọ Háúsá bí onílé, síbẹ̀ a ò gun òkè Mambilla rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn igbó kan tó wà níbẹ̀.

Ngel Nyaki lorúkọ rẹ̀. Téèyàn bá ti kọjá Serti, ọ̀nà á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gun òkè, atẹ́gùn á tutù, pápá koríko á lọ súà. Nítòsí abúlé Yelwa ni igbó dúdú náà á ti yọ, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ga tó mítà 1,400 sí 1,600. Àwọn igi ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Ẹ ó gbórí sókè títí fìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ kẹ́ ẹ tó rí ṣóńṣó wọn.

Ìjọba mélòó ló ti kọjá lójú wọn? Jámánì ló kọ́kọ́ ka ilẹ̀ náà mọ́ Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì 1961, àwọn ará Àríwá Kamẹrúùnù dìbò pé Nàìjíríà làwọn fẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni wọ́n dara pọ̀. Ó di Gongola ní 1976, ó di Taraba ní 1991. Orúkọ ń yí, igi ò kúrò lójú kan.

Àmọ́ iná ò bẹ̀rù àgbà. Ní 1969, ìjọba ka ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 46 níbùú lóròó sí igbó ọba. Igbó gan-an níbẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Koríko ló gba ìyókù. Lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n á sun koríko kí tútù lè hù fún màlúù. Iná á jẹ etí igbó, màlúù á tẹ igi kéékèèké pa. Ìnàkí àti ẹyẹ tó ń jẹ èso, tó ń gbé kóró igi kiri, á sì máa pàdánù ilé. Ó ti lé ní 20 ọdún tí Hazel Chapman, olùwádìí láti New Zealand, àtàwọn ará abúlé ti ń tọ́jú igbó náà.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá o. Òkè yìí ni odò Donga ti ṣẹ̀. Ó ń ṣàn wọ Benue, Benue sì ń pàdé Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Omi ò lọ́tàá. Tí igbó tó ń gba òjò dúró bá jóná tán, darandaran á wá omi tì, àwa náà á wá a tì.

Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ wá ẹni ibẹ̀ tó mọ̀nà, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó. Ẹ mú aṣọ òtútù dání. Ẹ má dáná níbẹ̀ o.