Agbo Ilé àti Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní Èkó

Bí a bá ń sọ ìtàn ìjà mẹ̀kúnnù ní Èkó, orí ìwé tí àwọn aṣáájú kà ni a sábà máa ń gbé e kà: ìwé Marx, ìwé Lenin. N kò sọ pé ìwé kò ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára òṣìṣẹ́ ti wá, ìdí àdìrò ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Òwò àgbáyé ni ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Agbo ilé àti ọjà ni ó bọ́ wọn. Nígbà tí òwò kan náà sì wá tú agbo ilé ká, ìjà náà kò fẹsẹ̀ rinlẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Kì í ṣe nítorí ìrìn àjò wa ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe la ojú irin, bí kò ṣe kí kòkó, òwú àti ẹ̀pà lè tètè dé èbúté. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe sí. Láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin yìí ni Michael Imoudu ti di aṣáájú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ gbówó lórí, owó iṣẹ́ kò sì bá a mu. Ní 1943, ìjọba lé Imoudu lọ sí Auchi. Ó padà dé ní oṣù Kẹfà 1945. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ju 30,000 lọ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Ta ni ó bọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí? Àwọn obìnrin ọlọ́jà tí Alimotu Pelewura jẹ́ aṣáájú fún ni. Ìjọba ti fi òfin de iye owó oúnjẹ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìjà òṣìṣẹ́ sì di ìjà tiwọn. Wọ́n dáwó, wọ́n sì ta oúnjẹ láwìn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọmọ Èkó; Imoudu fúnra rẹ̀, ará Ọrà ni. Ṣùgbọ́n àlejò pàápàá ní onílé, ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó sì ní àjọ tí ó ń dá. Ẹni tí ó tà á láwìn mọ ibi tí yóò ti rí i.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Èkó. Wọ́n ní àwọn ilé náà há, wọ́n sì dọ̀tí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, tí báńkì àti ilé ìtajà ńláńlá wà nítòsí rẹ̀, ti di ohun tí owó ń wá kiri. L.E.D.B., àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Peter Marris, onímọ̀ ará Ìlú Ọba tí ó tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1961, gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ń gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ di ẹni tí ń san owó ilé lóṣooṣù. Ìyá tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà pàdánù oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan di ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó rí ara wọn.

Láàrin àkókò kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí alátìlẹ́yìn mìíràn. Àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé pín sí méjì ní 1949. Ọ̀kan tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, èkejì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà. Àwọn méjèèjì ń fi owó àti ẹ̀kọ́ fa àwọn aṣáájú wa mọ́ra, ẹgbẹ́ sì fọ́ yángá. Lóòótọ́, wọ́n tún ṣọ̀kan ní oṣù Kẹfà 1964, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan náà kò pẹ́. N kò sọ pé ilé wíwó ni ó fa èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣáájú tí owó rẹ̀ ti òkè òkun wá kò rí ìdí tí yóò fi máa jíhìn fún ẹni tí ń ta gàrí ní Mushin.

Ní 1986, ìjọba ológun Babangida gbé SAP kalẹ̀, ètò tí ó bá ìfẹ́ àwọn ayánilówó àgbáyé mu. Náírà tí kò jìnnà sí dọ́là kan ní 1985 di èyí tí a fi ju méje lọ ra dọ́là kan ní 1989. Ní 1988, ìjọba tú ìgbìmọ̀ aṣáájú NLC ká. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ fi ẹ̀hónú hàn ní ìgboro ní 1989, ẹ̀mí ṣòfò, ariwo náà sì rọlẹ̀ láìpẹ́. Àwọn kan ní ìbọn ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìbọn ní 1945. Lójú tèmi, ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tí ìbá ta oúnjẹ láwìn, igbá tirẹ̀ pàápàá ti gbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sunkún agbo ilé àtijọ́ bí ohun tí kò lábùkù. Ọ̀pọ̀ ọmọdé àti obìnrin ni kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gba ọjà kọjá ní Mushin, tí mo rí alájọ tí ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, mo mọ̀ pé gbòǹgbò náà kò tíì kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù sílẹ̀ lónìí, kí ó ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí owó kò wọlé, ta ni yóò ta gàrí láwìn?