Ọ̀ṣọ́ Ọdún Tí A Kì Í Tú

Kérésì tí ìtàn Èkó kò lè gbàgbé kì í ṣe Kérésì ayọ̀. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lójú omi, wọ́n fẹ́ lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò kí wọ́n lè dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésì gan-an, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27, iná ti ń jó ilé àwọn èèyàn. Kòsọ́kọ́ sá jáde nílùú pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Àhóyaya ni àwọn ará Èkó ń pe ìjà yẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ni èyí kàn ọ̀ṣọ́ ilé. Ó kàn án o. Lórí eérú yẹn ni Èkó tó ń ṣe Kérésì bíi pé òun ló ni ín ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, ọdún ìbílẹ̀ àti ọdún àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìjọ CMS wọlé, tí àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé sì pọ̀ sí i ní Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wálé náà pọ̀ sí i ní Pópó Àgùdà: Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, Kakawa. Àwọn wọ̀nyí ló mú Kérésì wọ ìgboro.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ní Erékùṣù Èkó, ìta ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ ọdún, pálọ̀ ló kẹ́yìn. Èyí tó dára jù nínú ọ̀ṣọ́ náà, wọ́n mọ ọ́n mọ́ ara ilé ni, kò sí ẹni tó lè tú u tí ọdún bá parí. Àwa ọmọ ìsinsìnyí ń ra òdòdó oníke ní Balógun, a sì ń wó òdòdó tó wà lára ògiri.

Ọyẹ́ ló ń sọ pé ọdún ti dé

A kò ní yìnyín. Òwú tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ igi Kérésì, ojú ọjọ́ ìlú ẹlòmíràn ló ń ṣàfihàn. Tiwa ni ọyẹ́: afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sahara wá, tó ń gbé eruku lé orí gbogbo nǹkan, tó ń mú kí ètè sán, tó sì ń mú kí àárọ̀ tutù díẹ̀ kí oòrùn tó gun orí ilé.

Ọyẹ́ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá, òjò ti na ògiri, ara rẹ̀ ti dúdú. Tí ẹ bá kun ilé nínú òjò, òfo ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá, ohun tí ẹ bá kùn láàárọ̀ á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí kíkun ilé fi bá ọdún mu. Ẹfun inú garawa, búrọ́ọ̀ṣì kan, ọmọ ilé mẹ́ta mẹ́rin, ó parí. Wọ́n á fọ gíláàsì àtùpà, wọ́n á nu fèrèsé, wọ́n á sá ẹní, wọ́n á gbá àgbàlá títí dé ẹnu títì. Aṣọ tuntun ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ láti ìgbà pípẹ́, télọ̀ sì ti ń purọ́ bí ìṣe rẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń so sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Yorùbá. Níbi tí màrìwò bá ti rọ̀, ojú wa ti mọ̀ pé ohun tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wà nínú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú ojúbọ Ògún, bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́nu igbó orò. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun náà mú ewé kan náà. Ẹ̀sìn yí padà, ewé kò yí padà. Owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ìdí tí ọ̀ṣọ́ fi wà níta

Ẹ wo bí ilé Àgùdà ṣe rí. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kọjú sí títì, fèrèsé wọn ga, orí fèrèsé náà tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ilẹ̀kùn onígi ní ọnà lára. Wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe òdòdó, ewé àti okùn yípo òpó àti fèrèsé, wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi kùn wọ́n. Ẹni tó wà nínú ilé kò rí ọ̀pọ̀ nínú ọnà yìí. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹni tó ń kọjá lọ náà kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo nígbà ọdún. Àwọn Àgùdà mú eré kan bọ̀ láti òkè òkun tí wọ́n ń pè ní Kàrẹ́tà. Ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, ìbòjú ló túmọ̀ sí. Ní Kérésì, ní ọdún tuntun àti ní Àjíǹde, wọ́n á wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n á bo ojú, ẹgbẹ́ onífèrè á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa jó láti òpópónà kan sí òmíràn. Òun náà ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Fáńtì lónìí. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀: Campos, Lafiaji, Olówógbowó, Òkèpópó, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ tí àgbá lé jáde ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sá lọ. Ní 1862, wọ́n padà sí Èkó, Òṣòdì Tápà ló ṣáájú wọn, wọ́n sì tẹ̀ dó sí àdúgbò tó ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn tí wọ́n fi iná lé kúrò nígbà Kérésì ni ọmọ-ọmọ wọn ń jó níta lásìkò ọdún. Ẹni tó bá ní Kérésì kì í ṣe tiwa, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sọ ọ́.

Tí Kàrẹ́tà bá ń bọ̀, ojú fèrèsé òkè ni àga ìwòran. Àwọn ìyá á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun, àwọn ọmọ á há sí àárín wọn. Wọ́n ń wo eré, eré náà ń wò wọ́n. Èèyàn fúnra rẹ̀ ti di ara ọ̀ṣọ́ ilé. Ohun tó wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ náà kò ju àga, tábìlì àti abọ́ ìrẹsì lọ, kò sì sí ẹni tó bínú.

Ọwọ́ kan náà ló ṣe ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí

Àwọn tó ṣe òdòdó wọ̀nyí ní orúkọ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ fún àwọn Kátólíìkì. João Esan da Rocha tó padà dé láti Bahia kọ́ Ilé Omi sí òpópónà Kakawa. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, ó sì ń ta omi fún aráàlú nígbà tí kò tíì sí omi ẹ̀rọ. Òkìkí ilé yẹn kàn débi pé òǹkọ̀wé ará Brazil kan, Antonio Olinto, fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé ìtàn àròsọ tó tẹ̀ jáde ní 1969.

Èyí tó wù mí jù ni ti João Baptista da Costa. Kírísítẹ́nì ni, Àgùdà ni. Òun ni olóyè oníṣòwò Mohammed Shitta-Bey gbé iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ fún ní òpópónà Martins. Wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà ní 1894, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, aṣojú Súlúńtáánì ilẹ̀ Túrkì náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo ojú rẹ̀: òdòdó àti ọnà tí ẹ máa rí níbẹ̀, ìbátan èyí tó wà lára ilé àwọn Àgùdà ni. Sanusi Aka tó jẹ́ Mùsùlùmí bá da Costa ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ní Èkó, ọ̀ṣọ́ kò mọ ẹni tó ń kí ìrun yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ orin ìyìn. Oúnjẹ náà kò mọ̀ ọ́n. Abọ́ ìrẹsì máa ń lọ sílé Àlàájì nígbà Kérésì, ẹran máa ń padà bọ̀ nígbà Iléyá. Ẹni tí kò bá rí abọ́ gbà á mọ̀ pé òun ti ṣẹ ẹnìkan.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o

Ní 1955, àjọ LEDB tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti jà ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín erékùṣù. Wọ́n ní ilé ti há jù, ìdọ̀tí ti pọ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé mìíràn kò ṣeé gbé. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1961. Ohun tó rí nìyí: ilé tuntun dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹbí ti tú ká, owó ọkọ̀ ti wọ́n, ẹni tó ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí i mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn wo ọ̀rọ̀ ọdún. Ọ̀ṣọ́ tó jẹ́ pé ojú títì ló wà fún nílò àwọn tó mọ ara wọn lójú títì náà. Tí ẹ bá kó àdúgbò tú, ta ni ẹ fẹ́ kun ògiri fún?

Lẹ́yìn náà ni ti Ilojo Bar. Ilé àwọn Fernandez ni tẹ́lẹ̀, ní Tinúbú, wọ́n kọ́ ọ láti nǹkan bí 1855, àwọn ìdílé Ọláìyá sì rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi ń dáàbò bo ilé yẹn nínú ìwé. Katapílà kò ka ìwé.

Mi ò ní sọ pé àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ìtàn. Ilé àtijọ́ ń jẹ owó, ògiri rẹ̀ lè wó pa èèyàn, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ níye lórí ju òun gan-an lọ. Ìjọba tó lẹ pátákó mọ́ ilé láìfún ẹbí ní kọ́bọ̀ láti tún un ṣe, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe jẹun, mo sì mọ ohun kan: fáìlì tó bá nù lè ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ilojo Bar kò ní. Fọ́tò nìkan ló kù, fọ́tò kì í ṣe ibi tí èèyàn lè dúró wo Kàrẹ́tà.

Ọdún tó ń bọ̀ yìí ńkọ́?

Lónìí, tí oṣù Kejìlá bá wọlé, títì Ajose Adeogun ní Victoria Island ni gbogbo èèyàn ń lọ. Ilé ìfowópamọ́ Zenith máa ń tan iná síbẹ̀ títí ojú ọ̀run á fi mọ́lẹ̀ kedere. Ó dára, èmi náà ti ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: à ń jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti lọ wo ọ̀ṣọ́ àdúgbò tí a kì í gbé, nígbà tí ògiri ìta ilé tiwa dúdú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é kékeré lọ́dún yìí. Ẹ má ra igi oníke. Ẹ so imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ra ọ̀dà funfun, kí ẹ kun iwájú ilé nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tiyín àti ti ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí kò lágbára. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ fún aládùúgbò.

Tó bá wá di ọjọ́ kejì Kérésì, tí ọjà ti pa, tí títì sì dákẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Tinúbú, níbi tí Ilojo Bar wà. Ẹ gba Martins kọjá kí ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ẹ yà sí Kakawa wo Ilé Omi, kí ẹ tó gba ọ̀nà Holy Cross lọ sí Campos àti Bámgbóṣé. Ẹ gbé ojú sókè, torí òkè ni àwọn òdòdó náà wà. Ẹ ya fọ́tò ilé tí ẹ bá rí, ẹ kọ orúkọ òpópónà àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá jókòó níwájú rẹ̀ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ kí i dáadáa kí ẹ tó béèrè. Ọdún ni.