Ìjọba Lè Gba Ilẹ̀, Ṣùgbọ́n Kò Gbọdọ̀ Jẹ Ẹ̀tọ́ Onílẹ̀

Bí ẹnu bá ń gbààwẹ̀, ó yẹ kí ọwọ́ náà gbààwẹ̀, kó má kan ohun olóhun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa tòní fi dá lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú.

Ǹjẹ́ ìjọba lè gba ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo èèyàn, bí ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn. Báwo ló ṣe máa gbà á? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ̀dínà, ilẹ̀ ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl, ló fẹ́ kọ́ mọ́sáláásí sí. Wọ́n ní kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀, àfi ìgbà tó rà á. Ẹ wò ó o: òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, mọ́sáláásí ló fẹ́ kọ́, síbẹ̀ ó sanwó.

Nígbà tí Umar di olórí, mọ́sáláásí yẹn kò gba èrò mọ́. Ilé Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Umar fẹ́ rà á, Abbas kọ̀. Àwọn méjèèjì gbé ẹjọ́ lọ bá Ubayy ọmọ Ka'b, ó sì dá Abbas láre. Umar fara mọ́ ọn. Ìgbà tí Abbas rí i pé wọn ò fi agbára mú òun, òun fúnra rẹ̀ fi ilé náà tọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ nílé wa níhìn-ín. Lọ́dún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Apápá, l'Ékòó, lábẹ́ òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1903. Olúwa ìgbà náà, Olóyè Amodu Tijani, Mùsùlùmí bíi tiwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó ilẹ̀ náà. Adájọ́ àgbà l'Ékòó ní alábòójútó lásán ni, pé kò lè gba owó onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó tún gbé e lọ kò sọ ohun mìíràn. Bàbá ò jà, kò dáná sun ilé ẹnì kan. Ní 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀.

Ìrìn àjò náà nira fún wọn nílé. Nítorí ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí lọ́wọ́, ìjọba ní àwọn ò mọ Ẹlẹ́kọ lọ́ba mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Privy Council, dá Olúwa láre: ìdílé ló ni ilẹ̀, olóyè ń dì í mú fún wọn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní pípé. £22,500 ni wọ́n san.

Ṣé ó ti parí síbẹ̀? Rárá o. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa dì í mú fún ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ báyìí, ilé àti irè oko orí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó rẹ̀, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún bá san lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí Bàbá Olúwa lọ gbà bọ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó bá wà nípò, kó rántí Umar. Àwa náà tá à ń sunkún ìjọba, ẹ jẹ́ ká wo ilé ara wa. Olórí ẹbí tó bá gba owó ilẹ̀, tó dá a jẹ, tí kò fún àwọn ọmọ òrukàn àti àwọn obìnrin ilé ní tiwọn, irú ìwà kan náà ló hù. Ilẹ̀ tí a fipá gbà ò sì ní di hàláálì nítorí pé a kọ́ mọ́sáláásí sórí rẹ̀.

Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká ru ẹrù ẹlòmíràn dé iwájú Rẹ̀ lọ́jọ́ àlùkìyáámà. Àmín.